Àga Méjì Tó Sọ Àdúgbò Wa Di Ọlọ́rọ̀

Yèyé mi, ìyá tó bí ìyá mi, kò gbà rí láyé rẹ̀ pé òun jẹ́ tálákà. Bí oúnjẹ bá wà nílé, ó ń dáná. Bí kò bá sí, ó ń dáná síbẹ̀. Yóò gbé ìkòkò omi lásán ka orí ààrò ní ìrọ̀lẹ́, yóò fẹ́ iná náà títí èéfín yóò fi gba orí páànù jáde, kí àwọn ará ilé kejì lè rí i pé nǹkan ń lọ ní ulé tiwa náà. Lẹ́yìn náà yóò jáde sí iwájú ilé, yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa tayín bí ẹni pé ẹran há sí i. Mo ti bi í léèrè rí pé kí ló ń ta.

"Afẹ́fẹ́," ó ní. "Ṣé afẹ́fẹ́ kì í há sí èèyàn léyín ni?"

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní òtòṣì, òṣì á jẹ́ ẹ. Ó ní òṣì kì í jìnnà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí, tí o bá ti lè pè é báyìí, ó ti wọlé, ó ti ń bi ọ́ pé níbo ni kí òun gbé ẹrù òun sí.

Èmi àti òun nìkan la jọ ń gbé, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìtàjí, níbi tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu, tí a sì ń ṣe epo. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo wọ girama fún ọdún kan, ó tán síbẹ̀. Wọ́n wá fi mí kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ọ̀yẹ́, lẹ́bàá ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Mi ò lè fọ́nnu lórí nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí mo lè sọ láìwo ilẹ̀: mo mọ aṣọ rán. Lọ́jọ́ tí mo ṣe firídọ̀mù, wọ́n da pọ́ńdà sí mi lórí, wọ́n gbàdúrà fún mi, ọ̀gá mi fún mi ní àlùmọ́gàjí tuntun. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fún mi ni máṣíìnì. Aránṣọ tí kò ní máṣíìnì dà bí ọlọ́kadà tó ní ìwé ìwakọ̀ tí kò ní ọ̀kadà. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo ń dá bọ́tìnì padà, mo ń pààrọ̀ síìpù, mo ń gé ṣòkòtò kúrú fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Tí ẹnìkan bá gbé aṣọ tuntun wá, màá ní kó máa gbé e lọ sí Ìtàjí. Ó máa ń dùn mí bí ẹni ń lé àfẹ́sọ́nà ara rẹ̀ padà.

Ojú sì ń tì mí. Kì í ṣe ìtìjú kékeré. Bí èèyàn méjì bá wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ tó ti dé ẹnu mi á padà sí ọ̀fun, á jókòó síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi fẹ́ràn láti máa rán mi níṣẹ́. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè sọ pé òun ò lọ.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí wọ́n fi kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n tún kéde ní mọ́sálásí, pé ìjọba ń bọ̀ wá ran àwọn ilé tí ọwọ́ wọn kò tẹ́nu lọ́wọ́. Àgbẹ̀ lè gba ewúrẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní irinṣẹ́ lè gba irinṣẹ́: ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìgẹrun, máṣíìnì ìránṣọ. Nígbà tí mo gbọ́ máṣíìnì ìránṣọ, mi ò gbọ́ ìyókù ìwàásù ọjọ́ yẹn mọ́. Wọ́n dìde kọrin, mo jókòó. Wọ́n jókòó, mo dìde.

Ìpàdé ọ̀rọ̀ náà wáyé níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni ìjọba rán wá, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ó fi yẹtí ńlá méjì tó ń jù síwá-sẹ́yìn sétí, ó gbé fóònù kan tó fẹ̀ bíi síléètì dání. Ọlọ́kadà kan ló gbé e wá láti Ìtàjí. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, a ti sọ ọ́ ní Àǹtí Ìjọba.

Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó wá ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ìjọba rí i pé nínú ìlú kan náà, ẹnìkan ń jẹ ẹ́ ṣẹ́kù, ẹnìkan ń wá èyí tó máa jẹ. A fẹ́ kí àlàfo àárín wọn dín kù. Ẹ̀yin lẹ mọ ara yín. Ta ni kò ní jù níbí?"

Ewúrẹ́ kan ké, gbogbo wa yíjú sí i bí ẹni pé òun ló fẹ́ jẹ́wọ́.

Bàbá Ẹlẹ́mu ló dìde níkẹyìn. Ilé rẹ̀ ló ṣáájú tiwa, òun ló sì máa ń bá ìlú dáhùn bí àlejò bá béèrè nǹkan. Ẹmu ló ń dá. Ṣòkòtò tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo lẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Àwọn tálákà wà," ó ní. "Mi ò ní purọ́ fún ìjọba. Ṣùgbọ́n wọn ò sí níbí. Ìlú tó wà lẹ́yìn odò yẹn ni wọ́n wà."

"Bàbá, ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà lánàá," Àǹtí Ìjọba dáhùn. "Wọ́n ní ẹ̀yin ni."

Ariwo sọ.

"Àwa kẹ̀?"

"Àwọn tó ń wá yá ọkọ́ lọ́wọ́ wa!"

"Àwọn tí adìyẹ wọn ń wá jẹun ní ọ̀dọ̀ tiwa!"

Àlàájà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Òun ló ní ilé tó kọjú sí mọ́sálásí, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Kánò sì ti fi àga pupa méjì onítìmùtìmù ránṣẹ́ sí i. Kò sí irú rẹ̀ ní àdúgbò wa. "Ọmọ mi," ó ní, "ìbéèrè kan péré ni mo ní. Tí ìjọba bá sọ gbogbo wa dọ́gba, tí ẹnìkan ò wá ju ẹnìkan lọ mọ́, lọ́wọ́ ta ni wọn ó ti máa yá àga tí àlejò bá dé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Ẹlẹ́mu ní, "Àlàájà, a mọ̀ pé ẹ ní àga. Ẹ jẹ́ kí ìjọba náà mí."

Àǹtí Ìjọba náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ pé ọwọ́ òun kò tó nawọ́ sókè, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ọwọ́ mi kúrò lórí itan mi. Ó dé àyà. Ó dé etí. Yèyé tó jókòó tì mí yíjú, ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ejò tó ń gun igi. Mo fi ọwọ́ náà họ etí.

"Kòkòrò ni?" Yèyé bi mí.

"Kòkòrò ni, Yèyé."

"Ó dára fún un kí ó jẹ́ kòkòrò."

Nígbà tí ọwọ́ kankan kò gòkè, Àǹtí Ìjọba ní òun á padà wá lọ́jọ́ kejì, òun á wọ ilé kọ̀ọ̀kan, òun á fi ojú ara òun rí i. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wàhálà kankan o," ó ní. "Bí ilé yín bá ṣe wà ni kí ẹ fi í sílẹ̀."

Kò yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tó bá ní kí a má ṣe wàhálà, òun gan-an la máa ń ṣe wàhálà fún.

Kí a tó délé ni Yèyé ti bẹ̀rẹ̀. "Àlejò ìjọba ń bọ̀ ní ulé mi, kí ó wá bá mi lórí àpótí?"

Mo ní, "Yèyé, ṣebí tí wọ́n bá rí i pé a kò ní nǹkan ni wọ́n fi ń…"

"Pa ẹnu dé. Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń fún ẹni tí kò ní? Lọ́jọ́ ìkórè, ta ni wọ́n ń pè síwájú? Ẹni tó ní. Ta ni wọ́n ń fún ní ẹsẹ̀ adìyẹ níbi ìsọmọlórúkọ? Ẹni tó ní. Èèyàn gbọ́dọ̀ jọ ẹni tí wọ́n lè fún ní nǹkan. A ó fún un ní uyán, yóò jẹ, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò fún ọ ní máṣíìnì rẹ. Uṣẹ́ bùṣe."

Gbogbo ohun tí mo ti rí láyé, ẹ̀yìn Yèyé ló wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, èmi àti Yèyé lọ kí Àlàájà. A bá Bàbá Ẹlẹ́mu níbẹ̀. Ìyá tó ń ta ata ní ọ̀ọ́kán ilé wa náà wọlé tẹ̀lé wa. Kò sí ẹni tó sọ ohun tó bá wá. Wọ́n kàn ń kí Àlàájà, wọ́n ń wo àga.

Àlàájà gbádùn ara rẹ̀ díẹ̀, ó wá ní, "Èwo nínú yín ló fẹ́ yá a?"

Gbogbo wọn ló fẹ́ yá a. Àga méjì, ilé mẹ́rin. Bàbá Ẹlẹ́mu ló wá ojútùú rẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ Àlàájà ni àlejò á ti bẹ̀rẹ̀, torí ilé rẹ̀ ló wà ní orí àdúgbò. Tí àlejò bá ti dìde níbẹ̀, kí wọ́n fi àdúrà dá a dúró níwájú ilé, kí àga gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé tó kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáànù Àlàájà, bẹ́ẹ̀ náà ni kúlà, bẹ́ẹ̀ náà ni kápẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló máa gbé e?" Àlàájà béèrè.

Gbogbo wọn wò mí. Ojú mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ padà sí ọ̀fun mi, ó jókòó.

Bí mo ṣe di ẹni tí yóò ru òfò ara rẹ̀ lórí nìyẹn. Torí ohun tí mo mọ̀ ni pé tí àga yẹn bá fi lè dé ilé wa kí àlejò tó dé, máṣíìnì mi ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbà tí oòrùn gòkè ni ọlọ́kadà gbé Àǹtí Ìjọba dé. Ó dá ọ̀kadà dúró lábẹ́ máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé Àlàájà, ó nà gbalaja sórí rẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ń gbọ́ bí Àlàájà ṣe ń ka ọrọ̀ rẹ̀ fún ìjọba láìfi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tí àlejò dìde, Àlàájà sìn ín jáde, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó fi Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀, ó fi Yorùbá tẹ̀ síwájú, ó tún padà sí Lárúbáwá.

Mo gbé àga àkọ́kọ́ karí, mo sáré. Mo padà wá gbé ìkejì. Mo gbé fáànù sí abíyá, mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo gbé kúlà. Adìyẹ ń sá fún mi ní gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àga kan lára méjèèjì ní ihò, iná oògùn ẹ̀fọn ló jó o, Àlàájà sì fi aṣọ funfun kan tó fi òwú hun bo ojú ihò náà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé e, aṣọ yẹn máa ń já bọ́, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti èmi ti àga láti mú un.

Ọlọ́kadà ti dìde jókòó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú ẹrù o. Ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni?"

Mo sáré kọjá.

Nígbà tí mo tún kọjá, ó ní, "Tí ẹ bá ń dé Ìtàjí, ẹ jẹ́ n fi ọ̀kadà gbé àga náà. Ẹ̀yin lè máa fẹsẹ̀ bọ̀."

Ní ilé Bàbá Ẹlẹ́mu, mo tún dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń mí gúle-gúle.

"Bàbá, àga yín dára," ohùn Àǹtí Ìjọba ni. "Ó jọ ti Àlàájà."

"Ọjà kan náà la ti rà á," Bàbá Ẹlẹ́mu dáhùn.

"Fáànù yìí ńkọ́, ó ń ṣiṣẹ́?"

A kò ní iná. Ẹ̀rọ tó ń pín iná fún ìlú wa ti jóná tipẹ́, ẹyẹ ti kọ́lé sínú rẹ̀.

"Ó ń sinmi," Bàbá Ẹlẹ́mu ní.

Mo gbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú wa dó. Ibẹ̀ ni Àǹtí Ìjọba ti fọwọ́ kan etí, ó kígbe. Yẹtí rẹ̀ kan ti sọnù. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n gbọn kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá Ẹlẹ́mu búra pé nǹkan àlejò kì í sọnù nílé òun, ojú ọ̀nà ló máa ti já bọ́. Wọ́n rán ọlọ́kadà kí ó lọ wo ojú ọ̀nà. Bí wọ́n ti jáde sí iwájú ilé láti fi ọ̀nà hàn án ni mo wọlé, mo gbé àga.

Lẹ́yìn ilé wa, mo dúró. Àga ihò yẹn ló wà lórí mi. Oko ẹ̀gẹ́ wa nìyí níwájú mi, ó dí, ó dúdú, ó lè gba àga méjì àti fáànù kan, kò sì sí ẹni tó máa rí i títí a ó fi wa ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ mi kan ti wọ inú oko.

"Ṣé àga ọ̀hún ti dé?" Yèyé pè láti inú ilé.

Ẹsẹ̀ mi jáde kúrò nínú oko.

Yèyé ti wọ òfì tó fi ṣe ìgbéyàwó ìyá mi, ó ń rùn káńfọ̀. Ó ti ti àpótí wa sábẹ́ ibùsùn. Mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo to àga, mo gbé fáànù sí igun pé kí ó máa sinmi níbẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí ihò. Bí mo ti ń nà án tán ni àlejò kan ilẹ̀kùn.

Ó jókòó sórí àga ihò. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí mo ti lè máa wo fóònù náà.

"Yèyé, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń jẹun lóòjọ́?"

"Ìgbà tó bá wù wá."

"Ẹ máa ń jẹ ẹran?"

"Ẹran ti sú wa. Ọmọ yìí, sọ fún un."

Mo ya ẹnu. Kò sí ohun tó jáde.

"Ó ti sú u débi pé kò lè sọ̀rọ̀," Yèyé ní.

"Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ṣé ilé kì í jò?"

"Òjò máa ń yà kí wa. Ẹni tó ní ulé ni òjò ń yà kí."

Àǹtí Ìjọba ń fi ìka tẹ fóònù. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ẹni pé mo ń rí máṣíìnì mi tó ń rìn padà, tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, tó ń gun òkè lọ sí ìlú ọ̀hún. Ó wá mí kanlẹ̀, ó wo fáànù, ó wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Ìlú yín dára o, Yèyé. Gbogbo ilé ló ní àga. Gbogbo ilé ló ní fáànù. Ó jọ pé àwọn ẹ̀yìn odò yẹn ló nílò wa jù."

"Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀," Yèyé ní, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ùyà ń jẹ wọ́n."

Àǹtí Ìjọba rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dìde. Fóònù náà yọ̀ lórí itan rẹ̀, ó wọ àárín tìmùtìmù àti apá àga. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ fóònù jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó tún ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ohun tó mú jáde ni yẹtí rẹ̀.

Ó gbé yẹtí náà sétí, ó mi orí. Ó ká aṣọ funfun kúrò lórí àga. Ihò náà ń wò ó.

"Ihò yìí," ó ní, "mo mọ̀ ọ́n. Ilé Àlàájà ni mo ti kọ́kọ́ rí i."

"Yẹtí ìsinsìnyí," Yèyé dáhùn láìwojú rẹ̀, "ẹsẹ̀ wọn yá púpọ̀."

Ibẹ̀ ni ohùn Àlàájà ti ta láti ẹ̀yìnkùlé: "Ṣé ó ti dìde? Ìyá aláta ń dúró de àga o!"

Àǹtí Ìjọba yíjú sí mi. "Àǹtí, ta ló ni àga yìí?"

Èèyàn méjì ń wò mí, Àlàájà náà sì ti yọ orí wọlé láti ẹ̀yìn, ó di mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ wà ní ọ̀fun mi níbi tó máa ń wà. Mo ti í. Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe àga rárá.

"Máṣíìnì," mo ní.

"Kí ni?"

"Mo mọ aṣọ rán. Mi ò ní máṣíìnì. Àga yìí, ti Àlàájà ni. Ìkejì rẹ̀, ti Àlàájà ni. Fáànù, ti Àlàájà ni. Kúlà, kápẹ́ẹ̀tì, ti Àlàájà ni. Tiwa ni àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn. Òjò kì í yà kí wa, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Ẹran kò sú wa. Ìkòkò tí a ń gbé kaná ní ìrọ̀lẹ́, omi ló wà nínú rẹ̀."

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró tí èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀, torí mi ò sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo tún fi kún un pé àwọn adìyẹ Àlàájà ń yé sí ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ẹni tó bi mí.

Yèyé ti fi ìborùn bo ojú. "Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀!" ó ń sọ lábẹ́ rẹ̀. "Láti ọdún wo lo ti ń kó o jọ?"

"Ẹyin mi!" Àlàájà ní. "Mo ti ń wá a!"

Àǹtí Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí kò lè dúró mọ́, ó tún jókòó padà sórí àga náà. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí a gbé gbogbo ohun tí kì í ṣe tiwa jáde, òun á tún bẹ̀rẹ̀. Àlàájà fúnra rẹ̀ gbé àga kan. Lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó gbé e. Nígbà tí a parí, ó ku èmi, Yèyé, ẹní, àti àpótí. Àlejò ìjọba jókòó sórí àpótí.

Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Yèyé, ó ní ibi tí mo gbọ́dọ̀ tẹ̀. 'Tálákà' ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Má tẹ̀ ẹ́."

"Òmíràn wà. 'Aláìní.'"

"Ìyẹn tilẹ̀ burú jù."

"Kí ni ẹ wá fẹ́ kí n kọ?"

Yèyé rò ó. "Kọ ọ́ pé èmi àti olówó ò jìnnà síra. Àárín wa ló kàn gùn díẹ̀."

"Yèyé, fóònù yìí ò ní àyè fún ìyẹn."

Yèyé wò mí. Ó pẹ́ tó ti ń wò mí. Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ń wò, níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún mi lára ìka. Ó yí ojú sí ògiri. "Kọ ohun tó bá wù ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n má kà á sókè."

Àǹtí Ìjọba tẹ̀ ẹ́, kò kà á sókè.

Yèyé wá bu uyán fún un. Uyán náà, tiwa ni. Ẹran orí rẹ̀ náà, tiwa ni, àkùkọ wa kan ṣoṣo tó máa ń jí wa ni. Àǹtí Ìjọba wo àwo náà, ó wo iyẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pé ó mọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó lá ìka. Yèyé padà di ara rẹ̀ níbẹ̀.

Kí ó tó lọ, ó padà sí ilé Bàbá Ẹlẹ́mu. Bàbá náà ti bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti ń dúró dè yín," ó ní. "Mo mọ̀ pé ìjọba kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo kàn ń dán yín wò ni."

Lẹ́yìn òjò ọdún yẹn ni ọkọ̀ kan kó nǹkan wá. Bàbá Ẹlẹ́mu gba ewúrẹ́ méjì, ó ń sọ káàkiri pé owó ìmọ̀ràn tí òun fún ìjọba nípa ìlú ẹ̀yìn odò ni. Èmi gba máṣíìnì. Ó dúdú, orí rẹ̀ ń dán, ó ń rùn epo tuntun. Mo fi ọwọ́ pa á lára títí Yèyé fi ní kí n fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Òun náà ní ìtàn tirẹ̀ tó ń sọ fún àwọn èèyàn. "Uyán mi ni wọ́n san padà," ó ń wí. "Ẹ̀yin tí ẹ kò fún àlejò lóúnjẹ, ẹ rí i?"

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Àlàájà tó wọlé wá bá wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó kí wa, a kí i. Ó ń wo máṣíìnì. Yèyé rí i pé ó ń wò ó.

"Àwọn àna ọmọ mi ń bọ̀ láti Ìlọrin," Àlàájà ní.

"Ẹ kú ìnáwó."

"Mo ní, àwọn àna mi ń bọ̀."

"Mo gbọ́. Àlàáfíà ni wọn ó bá yín."

Àlàájà húkọ́. "Mo fẹ́ yá máṣíìnì yẹn. Kí n gbé e sí pálọ̀. Kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ wọn fún."

Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé ládùúgbò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Àlàájà máa yá nǹkan ní ulé wa. Yèyé fa àpótí fún un kí ó jókòó. Ó ní kí ó tún un sọ, etí òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Àlàájà tún un sọ. Yèyé ní àwọn á rò ó. Ó rò ó, ó gbádùn ríro rẹ̀, ó wá ní kò burú.

Àwọn méjèèjì wá yíjú sí mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí nǹkan bá fẹ́ karí.

"Màá gbé e lọ," mo ní. "Ṣùgbọ́n màá jókòó tì í."

Wọ́n wojú ara wọn.

"Jókòó tì í ṣe kí ni?" Àlàájà béèrè.

"Màá máa rán aṣọ. Ẹ ní ilé iṣẹ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ní pálọ̀ Àlàájà lọ́jọ́ tí àwọn àna rẹ̀ dé, lórí àga ihò, mo ń tẹ máṣíìnì, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń wò mí. Èèyàn ju mẹ́wàá lọ ló ń wò mí. Mo tẹjú mọ́ aṣọ. Nígbà tó yá, ìyá ìyàwó sún mọ́ mi, ó fọwọ́ kan ìrán náà, ó bi mí bóyá mo lè bá òun rán bùbá. Mo ní mo lè rán an. Àlàájà ní, "Ọmọ wa ni! Kò sí ohun tí kò lè rán!" Kò sọ ọmọ ta ni. Bí mo ti wà níbẹ̀, mo bá a rán aṣọ pupa kékeré kan dí ihò àga náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó gbé máṣíìnì mi karí délé. Yèyé wà níwájú ilé lórí àpótí, èéfín ń jáde lórí páànù, ó ń tayín.

"Kí lẹ ń ta?" mo bi í.

"Ẹran."

Mo wọlé, mo ṣí ìkòkò. Àlàájà ti fi ẹran àna rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹran ni lóòótọ́.